Kíkà Ọmọ Létí Òkun: Òru Kan ní Àgbádárìgì pẹ̀lú Àwọn Ọmọ Bàrígà

Ìwé pélébé olójú ewé mẹ́rin ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí. Ṣómólú ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìtẹ̀wé kéékèèké tí ariwo ẹ̀rọ wọn kì í jẹ́ kí àdúgbò náà sinmi láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ohun tí ọmọ yóò mú dání ló wà nínú rẹ̀: aṣọ ìpààrọ̀ méjì, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, aṣọ ìbora, sílípáàsì, oògùn fún ẹni tó bá ń lo oògùn. Kò gbọdọ̀ sí fóònù. Owó ọwọ́ ọmọ kò gbọdọ̀ ju ẹgbẹ̀rún méjì náírà lọ. Lẹ́yìn náà ni gbólóhùn kan tí wọ́n fi lẹ́tà dúdú kìrìbìtì tẹ̀: ọmọ kankan kò ní wọ inú òkun.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni ni, ní òpópónà kan tí kò jìnnà sí Ladilak, níbi tí Bàrígà àti Ṣómólú ti wọnú ara wọn tí àlejò kò fi mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ọmọ 43 láti kíláàsì kẹrin àti ìkarùn-ún, tíṣà méje, awakọ̀ méjì, ìyá alásè kan. Ọjọ́ méjì, òru kan, ó di Àgbádárìgì. Mo tẹ̀lé wọn nítorí mo fẹ́ mọ ohun tó ń mú òbí Bàrígà gbà kí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sùn síta, àti ohun tí ọmọ náà yóò rí lọ́hùn-ún tí kò lè rí nílé.

Àwọn ọmọ yìí kì í ṣe àjèjì sí omi. Bí èèyàn bá rìn gba Bàrígà lọ sí ìsàlẹ̀, ọ̀dà á tán lẹ́sẹ̀ títì, ilé pákó á bẹ̀rẹ̀, èéfín ẹja yíyan á gba afẹ́fẹ́ kan, ó di ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ àti Àgó Ègùn létí ọ̀sà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo afárá Third Mainland, tí wọ́n ṣí ní 1990, níbi tó ti na gbọọrọ lójú omi. Ṣùgbọ́n ọ̀sà nìyẹn. Ọ̀sà kì í gbé ìgbì tó ń dá èèyàn nídùbúlẹ̀. Nígbà tí tíṣà bèèrè ẹni tó ti fojú kan òkun rí, ọwọ́ márùn-ún péré ló gòkè.

Ení, èjì, ẹ̀ta

Aago márùn-ún ìdájí kọjá díẹ̀, ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù Kẹta, ìmọ́lẹ̀ fóònù àwọn òbí ló ń tàn sí ojú pópó. Ańkù kíláàsì fáìfù ni olórí ìrìn-àjò, kíkà sì ni ọ̀nà tirẹ̀. Ó ti fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn láyà, ó sì ti pàṣẹ pé Yorùbá ni wọn yóò máa fi pè é. Ó ní ẹnu lásán ni ọmọ fi ń ka ti Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò pe "ẹ̀tàdínlọ́gbọ̀n" gbọ́dọ̀ ronú kó tó lanu, ẹni tó bá sì ń ronú kò tíì sùn lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ohùn ń ti ẹnu dé ẹnu, "Ení!" "Èjì!" "Ẹ̀ta!" títí tó fi kan ọmọbìnrin tó kẹ́yìn ìlà, tó fi gbogbo agbára rẹ̀ ké "Ẹ̀tàlélógójì!"

Ìyá àgbà kan tó mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá kò fara mọ́ ọn.

"Tíṣà, a kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ o."

Ańkù tẹrí ba. "Òótọ́ lẹ sọ, Màmá. Ẹ̀yin tí ẹ ni wọ́n, ẹ má kà wọ́n. Èmi tí mo gbà wọ́n lọ́wọ́ yín ńkọ́? Bí mi ò bá kà wọ́n, kí ni n ó fi dá wọn padà?"

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì, ó ṣàdúrà sí i fún ìgbà pípẹ́ débi tí awakọ̀ fi pa ẹ́ńjìnnì tó ti tan tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà Àgbádárìgì

Kósítà kan àti bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ló kó wọn. Láti Fádèyí wọ́n bọ́ sí títì Ìkòròdú, wọ́n gba Ojúẹlẹ́gba lọ sí Western Avenue, wọ́n já sí Orílé. Ibẹ̀ ni igbe àkọ́kọ́ ti sọ. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù, èyí tó ti ń ná Mile 2 sí Marina láti oṣù Kẹsàn-án 2023, gba òkè orí wọn kọjá. Gbogbo ọmọ kó sí ojú fèrèsé apá kan, awakọ̀ sì ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà síbi tí wọ́n jókòó sí.

Ó tó nǹkan bí ọgọ́ta kìlómítà láti Èkó sí Àgbádárìgì, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ọ̀nà náà kì í fi kìlómítà wọ̀n ọ́n. Go-slow ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Láti 2009 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti sọ títì yìí di gbàgàdà, ọ̀nà mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Iṣẹ́ náà ti ń lọ, ó ti ń dúró, ìjọba ti ń gbà á lọ́wọ́ ìjọba. Alábà, LASU, Òkòkómaikò, Ìjànikin. Ní Agbárá, àwọn ibi àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ sí í dí ọ̀nà ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé: ọlọ́pàá, kọ́sítọ́ọ̀mù, ìmígíréṣọ̀n, sójà, nítorí ọ̀nà yìí kan náà ló lọ sí Sẹ̀mẹ̀, ibodè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù kan fi iná tọ́ọ̀ṣì wo inú bọ́ọ̀sì láìka pé ilẹ̀ ti mọ́ sí.

"Kí lẹ kó?"

"Ọmọ ni!" Gbogbo wọn ló dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní kí wọ́n máa lọ.

Ọmọkùnrin kan bì. Àǹtí kíláàsì fọ́ọ̀ ti mọ̀ pé ẹnì kan yóò bì. Ó yọ nylon, ó yọ èèpo ọsàn tútù, ó ní kí ọmọ náà máa gbóòórùn rẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í náà bèèrè èèpo tirẹ̀, kí àìsàn má baà yan ẹnì kan láàyò. Kí wọ́n tó dé Mòwò, inú bọ́ọ̀sì ti ń ta sánsán bí oko ọsàn, igi àgbọn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ju ilé lọ létí ọ̀nà.

Ọmọ méjì tí wọ́n tà

Ní Àgbádárìgì, ilé alájà ni wọ́n kọ́kọ́ lọ wò, èyí tí gbogbo ìwé ilé-ìwé pè ní ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn míṣọ́nnárì CMS ló kọ́ ọ, 1845 ni wọ́n parí rẹ̀, ọ̀sà ló sì kọjú sí. Àwọn ọmọ tí ilé alájà mẹ́ta àti mẹ́rin yí ká ní Bàrígà kò rí ohun ìyanu kan lára rẹ̀. "Ilé wa ga jù ú lọ," ni ọ̀kan nínú wọn sọ, kò sì parọ́.

Ańkù ló wá ọ̀nà tó gbé wọn wọnú ilé náà. Ó bèèrè ẹni tó mọ CMS Grammar School. Gbogbo ọwọ́ lọ sókè. Ìdí ògiri ilé-ìwé náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà kọjá láràárọ̀. Ó ní ìjọ tó kọ́ ilé alájà yìí náà ló dá ilé-ìwé yẹn sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, tó fi jẹ́ ilé-ìwé girama àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà; ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn náà, ní 1959, ni ó kó wá sí Bàrígà. Ọdún kan náà ni igi Àgíà wó ní Àgbádárìgì, igi ńlá tí wọ́n ti wàásù ìhìnrere lábẹ́ rẹ̀ ní 1842. Lójú ẹsẹ̀, ilé alájà kékeré yìí di ti ará ilé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan ògiri rẹ̀.

Afinimọ̀nà wọn, ọmọ Ègùn kan tó mọ̀rọ̀ sọ, sọ fún wọn pé Àjàyí Crowther gbé nínú ilé yìí nígbà tó dé láti Sàró ní 1845. Ó sọ bí wọ́n ṣe mú un lẹ́rú ní Òṣòógùn ní 1821, nígbà tó jẹ́ ọmọ bí ọdún méjìlá, bí wọ́n ṣe ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí tó fi dé Èkó tí wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí, àti bí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan bèèrè ohun tó ká a lára jù: "Ìyá ẹ̀ ńkọ́?" Ó rí ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta, ní 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ilé kejì kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Agbo ilé Sẹ̀ríkí Williams Abass ni, tí àwọn èèyàn ń pè ní Brazilian Barracoon, ibi tí wọ́n ń ti ẹrú mọ́ láti nǹkan bí 1840 síwájú kí ọkọ̀ tó dé. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti fagi lé òwò ẹrú láti 1807, ṣùgbọ́n òwò náà kò dáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún ní etíkun yìí. Ìran ẹni tó ni ilé ṣì ń gbé nínú agbo ilé náà. Aṣọ wà lórí okùn, adìyẹ ń jẹ̀ kiri. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí àwọn afinimọ̀nà ń sọ, yàrá ogójì ló wà níbẹ̀, ogójì èèyàn ni wọ́n sì ń kó sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n a tún máa sọ pé agbòòrùn kan ni wọ́n fi ń ra ogójì ẹrú.

Àwọn ọmọ yọjú wo yàrá kan. "Ó dà bíi yàrá wa," ni ọmọbìnrin kan sọ. Ilé fésì-mí-àì-fésì-yù ni wọ́n ń gbé ní Bàrígà, òun àti bàbá àti ìyá àti àbúrò mẹ́ta. Àwọn yòókù náà ń mi orí. Wọ́n mọ bí yàrá bẹ́ẹ̀ ṣe rí lóru bí iná bá lọ tí fáànù dúró.

Ańkù mú igi, ó fa ìlà mẹ́rin sórí iyanrìn níta ní ìwọ̀n yàrá náà, ó ní kí wọ́n máa wọ inú rẹ̀ kí wọ́n máa pe nọ́ńbà wọn. Láti ogún ni ejìká ti ń kan ejìká. Ní ọgbọ̀n, ẹ̀rín ti tán. Ní ogójì, ó dá wọn dúró. Ọmọ mẹ́ta ṣẹ́ kù sẹ́yìn ìlà.

"Ańkù, àwa ńkọ́?"

"Yàrá kejì lẹ̀yin ń lọ."

Ṣé ẹ rí i, Táyé ni ogójì, Kẹ́hìndé ni ọ̀kànlélógójì. Kẹ́hìndé wo ìbejì rẹ̀ nínú ìlà, ó wo ilẹ̀ tó dúró lé, ó bú sẹ́kún. Kíá ni Ańkù fi ẹsẹ̀ pa ìlà náà rẹ́. Kò sọ̀rọ̀ kankan lé e, mo sì rò pé ó ṣe dáadáa.

Ibẹ̀ ni afinimọ̀nà ti wá sọ ìtàn Sẹ̀ríkí Abass fúnra rẹ̀. Ọmọ Jóga ní ilẹ̀ Yewa ni. Wọ́n mú òun náà lẹ́rú ní kékeré, wọ́n tà á, ó dé Brazil, ó kọ́ èdè àwọn tó rà á. Ó padà wálé, ó di olówò ẹrú, ó di olóyè ńlá, ó kú ní 1919.

Ọmọbìnrin tó ń jẹ́ nọ́ńbà kẹsàn-án na ọwọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣebí wọ́n ti ta òun náà rí?"

"Wọ́n tà á."

"Kí ló dé tó tún wá ń ta èèyàn?"

Afinimọ̀nà wo Ańkù. Ańkù wo ilẹ̀ díẹ̀. "Àwọn àgbà tó gbọ́n jù mí lọ ṣì ń bèèrè nǹkan tí o bèèrè yẹn. Kọ ọ́ sínú ìwé ẹ." Ọmọ náà kọ ọ́. Mo rò pé bí owó ìrìn-àjò yìí kò bá ra ohun mìíràn, ó ra ìbéèrè yẹn. Ọmọ méjì ni wọ́n tà, ọ̀kan padà wá pẹ̀lú ìwé, ọ̀kan padà wá ta ọmọ ẹlòmíì, ọmọ ọdún mẹ́wàá láti Bàrígà sì ti rí i pé ìtàn méjèèjì kò lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí èèyàn máa lọ ní tirẹ̀.

Ẹni tó jí lóru

Ilé àlejò kan létí ọ̀sà ni wọ́n sùn. Obìnrin lókè, ọkùnrin nísàlẹ̀, tíṣà kan ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ìyá alásè ti ṣe ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja. Ó bù ú fún wọn fúnra rẹ̀, ó ń wo ẹni tí kò jẹun tán. Lẹ́yìn oúnjẹ, àlọ́. Lẹ́yìn àlọ́, wọ́n pa jẹnẹrétọ̀.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù wá bà wọ́n. Kì í ṣe òkùnkùn. Wọ́n mọ òkùnkùn. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ní Bàrígà, ariwo ló ń gbé ọmọ sùn: jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ìsìn òru, orin ilé ọtí, kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń wá èrò tó kẹ́yìn. Níbí, kò sí nǹkan kan àfi ọ̀pọ̀lọ́, àti ohùn kan tó ń hó lókèèrè tí kò dákẹ́.

"Àǹtí, kí ló ń dún?"

"Òkun ni. Ó wà lẹ́yìn erékùṣù tó wà lódìkejì omi yẹn. Lọ́la la máa rí i."

"Ṣé kì í sùn ni?"

Ọmọkùnrin kan wà nínú wọn tó jẹ́ ọmọ Ègùn láti etí ọ̀sà Bàrígà. Nílé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa sín èdè rẹ̀ jẹ. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọ Àgbádárìgì, nǹkan ti yí padà: ó ń bá alágbọn ná ọjà, ó ń bá afinimọ̀nà ṣàwàdà, àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín ló ń fà á láṣọ pé kó túmọ̀ fún àwọn. Lóru yìí, òun ni olùkọ́. Ó jókòó sórí ìbùsùn rẹ̀, ó ń sọ fún wọn nípa Zàngbétò, eégún onímàrìwò tí àwọn Ègùn fi ń ṣọ́ ìlú lóru, pé olè kì í wọ ibi tí Zàngbétò bá ti jáde. Àwọn ọmọ Yorùbá bèèrè bóyá ó lè máa bọ̀ ní Bàrígà. Ó ní òun yóò bèèrè lọ́wọ́ bàbá òun. Pẹ̀lú ìlérí yẹn, wọ́n sùn.

Àǹtí kíláàsì fọ́ọ̀ kò sùn. Ní aago méjì òru, ó ń jí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ tọ̀. Síbẹ̀, ẹnì kan tọ̀ sórí ibùsùn. Ní ìdájí mo bá Àǹtí nídìí omi ẹ̀rọ, ó ń fọ aṣọ ìbora mẹ́rin. Mo bi í pé ṣé mẹ́rin ló tọ̀ ni. "Ẹnì kan ni," ó ní. "Bí mo bá fọ ẹyọ kan, gbogbo wọn á mọ ẹni tó ni í."

Kò sí ìkankan nínú irú iṣẹ́ yìí nínú ìwé pélébé tí wọ́n tẹ̀ ní Ṣómólú. Ṣùgbọ́n òun gan-an ni òbí ń san owó fún.

Okùn lórí iyanrìn

Lẹ́yìn tíì àti búrẹ́dì, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí èbúté. Gbogbo ọmọ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Ańkù fa okùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wò fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gbé wọn ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí sọdá lọ sí erékùṣù Gberefu, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, wọ́n kà. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n kà.

Lójú omi ni Ańkù ti sọ nǹkan kan fún wọn tí wọ́n kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ọ̀sà tí wọ́n ń sọdá yìí kò ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ sí tiwọn. Bí ọlọ́pọ́n bá tukọ̀ kúrò ní Bàrígà, kó gba abẹ́ afárá kọjá sí etí Àpápá, kó wá yà sí apá ìwọ̀-oòrùn, omi kan náà ni yóò máa bá lọ títí dé ibi tí wọ́n wà yìí, bí ó bá sì fẹ́, kó máa lọ dé Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ kan tó ń jẹ́ nọ́ńbà ẹ̀tàdínlọ́gbọ̀n ní bàbá òun ti gba ibẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́ ju Ańkù lọ.

Láti èbúté erékùṣù, ọ̀nà iyanrìn ló kù, láàárín igi àgbọn, oòrùn sì ti ń mú. Ìrìn yìí kan náà ni wọ́n ń mú àwọn ẹrú rìn lọ síbi tí ọkọ̀ wà. Ní ìdajì ọ̀nà ni kànga kan wà. Afinimọ̀nà ní wọ́n máa ń fún ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí ó lè gbàgbé ilé. Àwọn ọmọ yí kànga náà ká. Ọmọbìnrin kan yí ojú padà, kò fẹ́ wò ó rárá. "Kí n má lọ gbàgbé nọ́ńbà fóònù mọ́mì mi." Kò sí ẹni tó fi í rẹ́rìn-ín, àwọn méjì mìíràn yíjú padà pẹ̀lú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà igi tán, òkun wà níbẹ̀.

Gbogbo ọmọ ló dúró sójú kan ná. Lẹ́yìn náà wọ́n pariwo, wọ́n sì fẹ́ sáré, ṣùgbọ́n Ańkù ti lọ ṣíwájú wọn, ó ti na okùn aláwọ̀ osùn sórí iyanrìn, jìnnà sí ibi tí ìgbì ń dé. Tíṣà mẹ́ta dúró sí apá òkun. Ẹni tó bá ta okùn yìí kọjá, bọ́ọ̀sì ló ń padà sí.

Ó sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Òkun Èkó kì í ṣe èyí tí èèyàn ń rìn wọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ a máa já lójijì. Omi tí ìgbì bá gbé gun èbúté gbọ́dọ̀ padà, ó sì máa ń wá ojú kan tóóró gbà padà pẹ̀lú ipá, ẹni tó bá bá ara rẹ̀ nínú ojú yẹn, ó di ojú agbami, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n wẹ̀ tó. Ẹni tí omi bẹ́ẹ̀ bá gbé kò gbọdọ̀ bá a jà. Kó wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, ní ìbámu pẹ̀lú etíkun, títí omi yóò fi tú u sílẹ̀. "Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru," ni Ańkù fi parí rẹ̀.

Inú okùn yẹn náà tó eré ṣe. Wọ́n lé akàn dé ẹnu ihò. Tíṣà kan bu omi òkun sínú kòlòbó, wọ́n fi ìka tọ́ ọ wò, wọ́n tu ú nù, wọ́n tún tọ́ ọ wò. Wọ́n gbẹ́ iyanrìn, wọ́n bá ìdérí ìgò, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, sílípáàsì ẹsẹ̀ kan. Ọmọ kan mọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà lára ọ̀rá náà. Ó ní àwọn máa ń rà á ládùúgbò.

"Ańkù, ṣé Brazil ló wà níwájú yìí?" Àwọn ọmọ ti rò pé ibi tí wọ́n kó ẹrú lọ ló gbọ́dọ̀ kọjú sí wọn. Ó yọ àwòrán ayé, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó fi òkúta dì í. Gúúsù ni wọ́n kọjú sí. Brazil wà ní apá ọ̀tún wọn, níbi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Níwájú wọn gan-an, kò sí ìlú kan, kò sí ilẹ̀ ńlá kan, títí dé Antarctica tí yìnyín bò. Wọ́n tún gbójú sókè wo òkun, wọ́n sì rí i pé ó ti fẹ̀ ju ti ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn lọ.

Nígbà tó tó àkókò láti padà, Ańkù tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òpó ńlá tí wọ́n fi sàmì sí ibi tí wọ́n ń pè ní Point of No Return. "Ení!" "Èjì!" Ohùn ń lọ geere. "Ẹ̀rìndínlọ́gbọ̀n!"

Kò sí ẹni tó dáhùn tẹ̀lé e.

Ojú Ańkù yí padà. Kò pariwo. Ó ní kí tíṣà méjì jókòó ti àwọn ọmọ, kí wọ́n má mira. Òun fúnra rẹ̀ wo òkun kó tó wo ibikíbi mìíràn, mo sì mọ̀ pé ọdún ni ìṣẹ́jú yẹn fún un. Ọmọ Ègùn ló kọ́kọ́ nàka. Lápá òsì, lókè iyanrìn, àwọn apẹja ń fa àwọ̀n ńlá kan jáde nínú òkun, èèyàn tó ogún di okùn rẹ̀ mú, wọ́n ń kọrin sí i. Nọ́ńbà ẹ̀tàdínlọ́gbọ̀n, ọmọ Ìlàjẹ, wà láàárín wọn, ó gba okùn sí ejìká, ẹsẹ̀ rẹ̀ rì sínú iyanrìn bíi tiwọn, ó sì ń gbe orin náà.

"Mo rò pé wọ́n nílò èèyàn ni, sà," ló sọ nígbà tí wọ́n mú un dé.

Ańkù dì í mọ́ra, ó bá a wí, ó tún dì í mọ́ra. Lẹ́yìn náà ó mú gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ láti ení.

Mo dúró gbọ́ ọ títí ó fi kan ẹ̀tàlélógójì. Létí òkun yìí, kì í ṣe Ańkù ni ẹni àkọ́kọ́ tó ka èèyàn. Àwọn kan ti dúró níbi kan náà, wọ́n ka ogójì-ogójì, wọ́n sì fẹ́ kó pé, kí owó má baà dín. Kíkà kan náà, ẹnu kan náà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ pátápátá. Ohun tí ìyá àgbà ń bẹ̀rù nínú kíkà ọmọ kì í ṣe ìtàn lásán. Ó ti ṣẹlẹ̀ níbí. Àyíká ibi tó ti ṣẹlẹ̀ náà ló sì ti yẹ kí ẹnì kan ka ọmọ kó sì dá gbogbo wọn padà sílé.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé

Àgbọn, àgbọn díndín àti iyanrìn ló kún bọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Go-slow mú wọn láti Alábà dé Mile 2, àwọn ọmọ sì sùn gbà á kọjá. Ní Bàrígà, wọn ò jẹ́ kí ọmọ kankan bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n ń pe nọ́ńbà, òbí ń jáde wá, ó ń fọwọ́ sí i, ọmọ ń sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá ẹ̀tàdínlọ́gbọ̀n ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ Ańkù. Apẹja ni, ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi. Ó tọrọ àforíjì fún ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó sọ tirẹ̀: "Tíṣà, ọmọ mi mọ omi. Àwọn yòókù yìí ni mò ń páyà fún. Ẹ mú wọn dé òkun, wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń léfòó."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Okùn aláwọ̀ osùn wà ní Gberefu fún òwúrọ̀ kan. Kò sí okùn kankan létí ọ̀sà Bàrígà, àwọn ọmọ yìí sì ń gbé ìdí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ilé-ìwé tó bá lè kó ọmọ lọ wo òkun lè wá ẹni tí yóò kọ́ wọn ní ìwẹ̀, nínú omi mímọ́ tí kò jìn, kí wọ́n tó jáde kíláàsì kẹfà. Ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tó ti ń fetí sílẹ̀ látìgbà yìí, ní òun yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Bàbá náà ní òun yóò wà níbẹ̀, òun kì í sì í pẹ́ sọ̀rọ̀ ní ìpàdé.

Ìyá oníṣòwò kékeré kan tó ń ta ata ní ọjà Bàrígà ti gba ọmọ tirẹ̀, ó ti dì í lọ́wọ́ mú, ṣùgbọ́n kò tíì lọ. Àbúrò ọmọ náà wà ní kíláàsì kejì.

"Mà, ọdún wo ni yóò kan èyí?"

"Ọdún méjì sí i, Ìyá. Kò ì tó àkókò."

"Owó ni kò ì tó," ni ìyá náà sọ. Ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó yọ ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, ó fi lé ọ̀gá ilé-ìwé lọ́wọ́. "Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lónìí."